Pápá Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Ti Wo Kámẹ́rà

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé kámẹ́rà wọ pápá ìṣeré Agége ní Èkó, àwòrán 217 ni mo yà. Nígbà tí mo délé, mo gbé wọn sójú kọ̀ǹpútà, mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Nínú gbogbo rẹ̀, mẹ́rin péré ni bọ́ọ̀lù ti hàn, èyí tó sì hàn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, àfìgbà tí mo fi ìka tọ́ka sí i ló tó rí i. Ìyàwó mi sún mọ́ ọn, ó ní, "Ìyẹn ni bọ́ọ̀lù? Mo rò pé eṣinṣin ló bà sójú kọ̀ǹpútà ni."

Kì í ṣe pé mi ò mọ kámẹ́rà dì mú. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ya fótò níbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà fún àwọn ará àdúgbò wa ní Ògbà. N kì í gbowó; oúnjẹ tí wọ́n bá bù fún mi lowó mi. Iṣẹ́ tó ń bọ́ mi gan-an, ilé iṣẹ́ oníke kan ní Ìkẹjà ni, níbi tí mo ti ń yẹ ìdérí ìgò wò láti mọ èyí tó sán àti èyí tí ẹnu rẹ̀ kò ká. Ojú tó ń rí àléébù tí kò tó orí abẹ́rẹ́ lára ìdérí, òun náà ni kò rí bọ́ọ̀lù. Ìdérí kì í sáré.

Òde ló bà mí jẹ́. Lóde, onífótò lọ̀gá. Bí mo bá ti ní, "Màmá, ẹ sún mọ́ Bàbá díẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fìlà yẹn sókè, ojú yín ò hàn, ó yá, ẹ wo ibí," gbogbo wọn á wo ibí. Olówó á wò ó, olóyè á wò ó. Ó sì ti pẹ́ tó ti wà láàárín wa bẹ́ẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tó ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn onífótò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Ó rí i pé bí àgbà Yorùbá bá fẹ́ ya fótò, á jókòó dẹ̀ẹ̀, á kọjú síwájú gbọnrangandan, á gbé ọwọ́ lé itan, aṣọ ńlá á tẹ́ rẹrẹ, gbogbo ara á sì hàn látorí dé ẹsẹ̀. Ìjókòó ọlá ni. Pápá ìṣeré kò mọ ìyẹn. Agbábọ́ọ̀lù 22, rẹfirí, àwọn tó ń gbé àsíá lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti gbogbo èrò tó wá wòran, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí mo lè sọ fún pé kó dúró ná.

Bàbá kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù fótò nítòsí Pen Cinema. Fótò pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń yà jù báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ti ya bọ́ọ̀lù rí, láyé ìgbà tó jẹ́ pé 36 ni fíìmù kan ń gbà. Mo gbé 217 mi tọ̀ wọ́n lọ. Wọ́n ń fi ìka yí i lójú fóònù, wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Fíìmù mẹ́fà àti ẹyọ kan lo fi ṣòfò yìí."

Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe fíìmù o. Kò ná mi ní nǹkan kan."

Wọ́n ní, "Ìyẹn ló jẹ́ kó o yà á báyẹn." Wọ́n wá ní kí n padà lọ sí Agége ní Sunday tó ń bọ̀, àmọ́ kí n fi kámẹ́rà sílé.

Mo lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ṣe mí bí ẹni tó gbàgbé wọ ṣòkòtò. Àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé oòrùn ló ni pápá, àwọn agbábọ́ọ̀lù kàn ń yá a lò ni. Èkó ò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń dúró sókè orí wa tààrà débi pé òjìji èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ bàtà rẹ̀. Bí ẹ bá ya agbábọ́ọ̀lù nírú àkókò bẹ́ẹ̀, iwájú orí á máa dán, ojú méjèèjì á di ihò dúdú bíi ti agbárí. Ọpẹ́ ni pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ eré líìgì wa. Nígbà yẹn, oòrùn ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìmọ́lẹ̀ ti ń wọ abẹ́ ìpéǹpéjú.

Ibẹ̀ náà ni wàhálà mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ pápá ìṣeré sábà máa ń jẹ́ kí ibi ìjókòó àwọn èèyàn ńlá kẹ̀yìn sí ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má bàa máa gún wọn lójú. Àwa mẹ̀kúnnù tó wà ní pọ́púlà sáìdì la máa ń gbà á sójú. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń lọ, òjìji òrùlé àwọn èèyàn ńlá yìí á máa rákò bọ̀ lórí pápá. Tó bá fi máa di ìgbà tí wọ́n padà dé láti ìsinmi, ó ti mu ìdajì. Ẹni tó wọ aṣọ funfun á ti inú òjìji sáré bọ́ sínú oòrùn. Bí ẹ bá tún kámẹ́rà ṣe fún òjìji, bó ṣe bọ́ síta báyìí, á di iná lásán. Bí ẹ bá tún un ṣe fún oòrùn, kó tó bọ́ síta, ère dúdú kan tí kò lójú ni. Ojú èèyàn máa ń rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà ò lè rí i. Àfi kí ẹ yan apá kan, kí ẹ dúró ti ibẹ̀, kí ẹ sì gbà pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní apá kejì ti lọ nìyẹn. Èyí ló nira jù fún mi nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà, nítorí lóde, n kì í pàdánù nǹkan kan. Bí wọ́n bá ti gé àkàrà òyìnbó tí mi ò bá a, wọ́n á tún un gé.

Mo ka ohun mìíràn lọ́jọ́ náà: ìgbà mélòó ni bọ́ọ̀lù dé igun tó sún mọ́ mi. Kò tó ogún. Nínú wákàtí kan àtààbọ̀! Ohun tí mò ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé mò ń fi kámẹ́rà lé bọ́ọ̀lù kiri bí ọmọdé tó ń lé labalábá. Bàbá ní ẹni tó ń lé e kì í bá a. Ibi tó ń bọ̀ ni kí n lọ dúró sí.

Fún ẹ̀kọ́ yìí, kò síbi tó dà bí Agége, nítorí kò tóbi. Ìjókòó bí 4,000 ni wọ́n máa ń kà sí i. Pápá bọ́ọ̀lù tó péye gùn ní mítà 105, ó fẹ̀ ní 68, lẹ́ńsì kékeré tó ń bá kámẹ́rà wá láti inú páálí kò sì lè fa ẹni tó wà ní òdìkejì mọ́ra. Ẹ wá gbé lẹ́ńsì yẹn lọ sí Teslim Balogun ní Súrùlérè, tó gba èèyàn 24,000 ó lé, tí ọ̀nà eré sísá tún yí pápá ká: èèrà lẹ ó máa yà. Ní Agége, bí kóòṣì bá ń bú agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, ẹ ó gbọ́ orúkọ tó pè é. Soccer Temple ni inagijẹ tí wọ́n fún pápá náà. Ibẹ̀ ni MFM, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìjọ Mountain of Fire, fi ṣe ilé ní 2017 tí wọ́n ṣe ipò kejì ní líìgì ilẹ̀ wa, tí wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà wọ Champions League Áfíríkà ní 2018. Ọdún 2017 yẹn náà ni Sikiru Olatunbosun ju góòlù kan sáwọ̀n Rangers ti Enugu níbẹ̀, tí CNN gbé e sáfẹ́fẹ́, táwọn èèyàn sì dìbò yàn án ní góòlù tó dára jù lọ́sẹ̀ náà. Ẹni tó di kámẹ́rà mú lọ́jọ́ yẹn ni mo máa ń rò ju ẹni tó gbá a lọ. Ká ní ẹ̀pà ló ń jẹ lásìkò náà ni, Agége nìkan ni ì bá mọ̀.

Nígbà tí Bàbá gbà kí n mú kámẹ́rà padà, nọ́ńbà la fi bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà, bó ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí. Agbábọ́ọ̀lù tó bá tẹra mọ́ eré lè sá mítà mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìlẹ̀kùn bá ṣí fún ìdá kan nínú 60, kó tó tì, ọkùnrin náà ti kúrò níbi tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 13. Kámẹ́rà mi tó ń dá ronú fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 1/60 ló ń yàn, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn fi di èéfín. Ní 1/1000, kò tíì rìn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹsẹ̀ á dúró.

Kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan. Koríko Agége kì í ṣe koríko gidi, àtọwọ́dá ni, wọ́n sì máa ń da èérún rọ́bà dúdú sáàárín irú koríko bẹ́ẹ̀ kó lè rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn. Láti ibi ìjókòó, ẹ ò lè rí i. Nínú fótò 1/1000 mi àkọ́kọ́ tó dáa, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn kan fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ lọ láti gba bọ́ọ̀lù, èérún náà sì gbéra lẹ́yìn bàtà rẹ̀ bí ìgbà tí obìnrin bá ju atẹ sókè láti fẹ́ ẹ̀wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró lófuurufú. Mo kà tó mọ́kànlélógójì kí ojú mi tó rẹ̀.

Nọ́ńbà kejì ló máa ń da orí akẹ́kọ̀ọ́ rú, èyí tí wọ́n máa ń kọ f síwájú rẹ̀, tó ń sọ bí ojú lẹ́ńsì ṣe là tó. f/4 là ju f/16 lọ. Báwo ni 4 ṣe wá ju 16 lọ? Bàbá rán ọmọ ṣọ́ọ̀bù wọn kó lọ ra búrẹ́dì Agége kan wá. Wọ́n ní, "Bí a bá pín in fún èèyàn mẹ́rin, kí ló kàn ẹ́? Bí a bá wá pín in fún mẹ́rìndínlógún ńkọ́?" Ó tán. Ìpín ni nọ́ńbà náà: gígùn lẹ́ńsì, tí a pín sọ́nà mẹ́rin, ni fífẹ̀ ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. A fi ẹ̀wà jẹ ìyókù ẹ̀kọ́ náà.

ISO, nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń fún ìmọ́lẹ̀ lágbára tó, ni ẹ̀kẹta, òun sì ni ìpọ́njú tálákà. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí ìlẹ̀kùn kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ní ṣíṣí, tí lẹ́ńsì tí owó yín ká kò sì lè là ju f/5.6 lọ, ISO ló kù tí ẹ lè gbé sókè. Bí ẹ bá gbé e sókè tán, àwòrán á mọ́lẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ á dà bíi pé wọ́n wọ́n gààrí sí i. Àwọn kan ń bẹ̀rù gààrí yìí bí ẹni bẹ̀rù ìgbóná. Èmi ò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Fótò tó ní gààrí tí ojú èèyàn hàn, ó sàn lójú mi ju èyí tó mọ́ roro tí ẹsẹ̀ rẹ̀ di èéfín.

Kí n tó mọ èyí, fíláàṣì ni mo gbójú lé. Ó ń gbà mí lóde, mo rò pé á gbà mí ní pápá. Fíláàṣì kékeré orí kámẹ́rà kì í ju mítà díẹ̀ lọ kí agbára rẹ̀ tó tán, ẹni tí mò ń yà sì wà ní mítà 60. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà bá pàdé ni ẹ̀yìn orí ọkùnrin tó jókòó níwájú mi: ó mọ́ kedere, pẹ̀lú ibi tí onígbàjámọ̀ ti ṣì í gé, pápá sì ṣókùnkùn biribiri lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní J. D. 'Okhai Ojeikere ló yà á ni, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ya irun obìnrin láti ẹ̀yìn orí títí tí wọ́n fi ń gbé e káàkiri ayé, à bá sọ pé iṣẹ́ ọnà ni. Tèmi, ẹ̀yìn orí lásán ni. Ọkùnrin náà yíjú padà, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé èmi lẹ wá wò ni?"

Iná alẹ́ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Iná ìjọba ilẹ̀ wa, nígbà tó bá wà, ìgbà 50 ló ń lọ síwá-sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀pọ̀ iná ńlá tó ń tan pápá sì máa ń tàn kó sì rẹ̀ ní ìgbà 100 láàárín àkókò kan náà. Ojú wa kò rí i. Kámẹ́rà tó bá ṣí fún 1/1000 á rí i: ó lè bá iná níbi tó ti tàn, ó lè bá a níbi tó ti rẹ̀. Nínú fótò mẹ́wàá tí mo yà tẹ̀ léra, mẹ́ta á funfun, mẹ́rin á pọ́n bí epo, ìyókù á ṣókùnkùn. Mo gbé kámẹ́rà náà fún alátùn-únṣe kan, ó tú u, ó tún un tò, ó gbowó, kò sì sí ohun tó ṣe kámẹ́rà. Bó bá jẹ́ ilé pápá ìṣeré lásán lẹ fẹ́ yà, ẹ gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi sí 1/50, wàhálà parí. Fún ẹni tó ń sáré, ẹ yà á tẹ̀ léra púpọ̀, kí ẹ sì ṣa èyí tí iná bá ṣojúure sí.

Ní ti ilé fúnra rẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti fi fóònù ya gbogbo pápá pọ̀ nínú àwòrán kan, kí n máa yí fóònù láti ọ̀tún sí òsì. Rẹfirí sáré bá ọwọ́ mi lọ, ó sì jáde lẹ́ẹ̀méjì, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan létí ìlà. Ìyàwó mi ní bóyá ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ wọn kì í fi í dọ́gba. Ó sàn kí ẹ dúró lójú kan, kí ẹ ya àwòrán márùn-ún mẹ́fà lóòró, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gorí ìkejì ní ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ má yí nọ́ńbà kankan padà láàárín wọn, kí kọ̀ǹpútà wá rán an pọ̀. Kí kámẹ́rà sì dúró ṣánṣán, nítorí bí ẹ bá gbé ojú rẹ̀ sókè báyìí, gbogbo òpó á máa ṣubú sẹ́yìn bí ọ̀mùtí. Òpó iná National Stadium ní Súrùlérè ni mo fi kọ́ ìyẹn, láti ẹ̀bá títì. Wọ́n kọ́ pápá yẹn de ìdíje gbogbo Áfíríkà ti 1973. Ibẹ̀ ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti fi góòlù méjì wọlé, tí Múdà Lawal fi ẹ̀kẹta lé e, tí a na Algeria ní ayò 3 sí òdo ní March 22, 1980, tí Christian Chukwu, balógun ẹgbẹ́ wa, gbé Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà sókè. Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún àìbìkítà ti jẹ ibẹ̀, ìpẹtà ń ṣàn lára irin. Ìpẹtà dára púpọ̀ lójú kámẹ́rà. Ó sì ń dùn mí bó ṣe dára tó. Ẹ lọ síbẹ̀ bí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, kí ẹ má sì pẹ́ lójú ọ̀nà, torí nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni ojú ọ̀run Èkó fi ń jẹ́ aró kó tó di dúdú.

Ẹ óò pàdé àwọn tó máa bi yín pé ta ló rán yín wá. Kámẹ́rà ńlá máa ń fa ọ̀rọ̀. Etí pápá wà fún àwọn oníròyìn tó gba fẹ́sìtì. Èmi kì í bá wọn du ibẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì mi wà lápò, mo máa ń kí ẹni tó wà lẹ́nu géètì, mo sì máa ń jẹ́ kó wo ohun tí mo yà. Ibi ìjókòó ò sì burú. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ó sàn jù. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tí àwọn èèyàn ńlá ń sá fún, ojú pọ́púlà sáìdì ló ń bà sí, ó máa ń kun gbogbo wọn ní àwọ̀ epo pupa, àgbà, ọmọdé, alùlù, kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀.

Sunday kan, mo jókòó sí igun, mo kẹ̀yìn sí pápá, mo kọ lẹ́ńsì sí èrò pọ́púlà sáìdì: 1/1000, f/5.6. Mo dúró. Aago márùn-ún kọjá díẹ̀, gbogbo ibẹ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ wà lókè, ẹnu là, fìlà kan ti kúrò lórí ẹni tó dé e. Láàárín wọn, ìyá ẹlẹ́pà kan dúró, atẹ wà lórí rẹ̀, ó tẹ ojú mọ́ owó tó ń kà. Ẹni tó fẹ́ gba ṣéńjì ti fò sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sí nílẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ló ṣì nà sọ́dọ̀ ìyá náà, àtẹ́lẹwọ́ là sílẹ̀ dè é.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ sí Pen Cinema. Bàbá wá awò ojú wọn, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀.

"Góòlù náà ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ̀yìn mi ló ti wọlé."